Irin Tó Mọ Ìdè Tí Yóò Já

Hóró róbótó kan wà nínú àwọn ilé ìfọpo tí ìbú rẹ̀ kò tó milimita méjì. Àwọ̀ eérú ló ní, kò dán, kò rùn, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè gbá a dànù mọ́ ìdọ̀tí. Síbẹ̀, kò sí òṣìṣẹ́ ilé ìfọpo tó máa fi ojú yẹpẹrẹ wò ó, nítorí pé platinum wà nínú rẹ̀, owó ńlá sì ni platinum. Alumina ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú hóró náà. Ohun funfun kan ni, tí ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí kún inú rẹ̀. Ara ògiri àwọn ihò yẹn ni wọ́n fọ́n platinum sí, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n hóró náà. Díẹ̀ bíńtín yẹn ló ń bá wọn sọ epo tí mọ́tò kò lè lò dáadáa di bẹntiróòlù gidi.

Wọn kì í da platinum sí i ní gbẹ̀gẹ́dẹ̀. Wọ́n á fọ́n ọn wẹ́wẹ́ débi pé ègé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ju nanometer kan sí mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìdá milimita kan ni nanometer kan. Tí a bá fọ́n gíráàmù platinum kan ṣoṣo báyìí, tí a sì tẹ́ gbogbo òde ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò ju ilẹ̀ tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10 lọ. Òde ara yẹn ni wọ́n ń ná owó lé lórí. Átọ́ọ̀mù tó bá wà ní ìsàlẹ̀ inú lọ́hùn-ún kò rí iṣẹ́ ṣe, nítorí gáàsì kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí irin parí sí, tí gáàsì ti pàdé rẹ̀, ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kan sáárá sí nínú àròkọ yìí. Catalyst ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pe irú irin bẹ́ẹ̀. Amúṣẹ́yá ni èmi yóò máa pè é, torí ó ń mú kí iṣẹ́ yá, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn jù. Ethane jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀. Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù méjì ló dì mọ́ra nínú mólékù rẹ̀ kan, háídrójìn mẹ́ta sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdè àárín kábọ́ọ̀nù méjèèjì yìí le: agbára tí yóò já a tó nǹkan bí 377 kilojoule fún mole kan. Tí a bá da ethane pọ̀ mọ́ háídrójìn nínú ohun èlò kan, tí a sì fi iná sí i títí ó fi gbóná dé 300°C, a lè jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí a má rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìyẹ̀fun nickel díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ yí padà. Ethane kan àti mólékù háídrójìn kan á di methane méjì, ooru á sì máa jáde. Hydrogenolysis ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí, ìyẹn ni pé kí a fi háídrójìn já ìdè.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lára nickel yẹn? Bí mólékù háídrójìn bá ti bà lé irin, ó pín sí méjì, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan á sì lẹ̀ mọ́ irin lọ́tọ̀. Ethane náà á bà lé e, ṣùgbọ́n ó ní láti bọ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú háídrójìn tirẹ̀ kí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tó ráyè di irin mú. Bó ṣe ń bọ́ ọ sílẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù méjèèjì ń so mọ́ átọ́ọ̀mù irin sí i, bí wọ́n sì ṣe ń so mọ́ irin ni ìdè àárín wọn ń dẹ̀. Nígbà tó bá yá, ó já. Háídrójìn tó wà nítòsí á wá máa padà sára kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi pé mẹ́rin. Methane á gbéra kúrò lára irin, àyè á sì ṣí sílẹ̀ fún òmíràn.

Ó ní ohun kan nínú ètò yìí tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Háídrójìn wà lára ohun tí iṣẹ́ náà ń lò, èèyàn á sì rò pé bó bá ṣe pọ̀ sí i ni iṣẹ́ á ṣe yá sí i. Lórí ọ̀pọ̀ irin, òdì kejì ni à ń rí: a fi kún háídrójìn, iṣẹ́ falẹ̀. Ní 1954, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà mẹ́ta, Cimino, Boudart àti Taylor, ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ethane gbọ́dọ̀ pàdánù háídrójìn kí ìdè rẹ̀ tó lè já. Bí háídrójìn bá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, èyí tó bọ́ kúrò lára ethane á tún padà sí i lára, òmíràn á sì ti gba àyè tó yẹ kí ethane bà lé. Ohun tí iṣẹ́ ń lò náà ló tún ń dí i lọ́wọ́. Ọgbọ́n tó wà nínú bíbá irin ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kì í ṣe gbogbo ohun tó dára ni pípọ̀ rẹ̀ ń dára.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí nickel ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ní 1897, ní ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, Paul Sabatier àti Senderens darí ethylene àti háídrójìn gba orí nickel, àwọn méjèèjì sì para pọ̀ di ethane. Iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ wá ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Sabatier ní 1912. Òye kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní ni pé amúṣẹ́yá tó dára kò gbọ́dọ̀ di mólékù mú jù, kò sì gbọ́dọ̀ dì í mú ní dídẹ̀ jù. Bó bá dì í mú jù, mólékù á lẹ̀ síbẹ̀, kò ní lọ, òmíràn kò sì ní ráyè dé. Bó bá dẹ̀ jù, mólékù á kàn fara kàn án, á sì kọjá lọ láìyí padà.

Òye yìí hàn kedere nígbà tí John Sinfelt, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Esso, tó di Exxon lẹ́yìn náà, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, to àwọn irin lẹ́sẹẹsẹ, tó sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń já ìdè ethane. Osmium àti ruthenium ló wà lókè pátápátá. Nickel náà kò kẹ̀rẹ̀. Platinum àti palladium wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bàbà kò fẹ́ rí nǹkan kan já rárá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín osmium àti platinum kì í ṣe ti ìlọ́po méjì tàbí mẹ́wàá, ó ń lọ bí ìlọ́po mílíọ̀nù. Ẹ rántí pé lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, irin funfun tó ń dán ni osmium, irin funfun tó ń dán náà sì ni platinum. Inú ìwà wọn sí kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ti yàtọ̀.

Orúkọ irin nìkan kọ́ ló ń pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò ní òde ara rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Láti 1925 ni Hugh Taylor, tí a dárúkọ rẹ̀ lókè, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Princeton, ti sọ pé kì í ṣe gbogbo òde ara amúṣẹ́yá ló ń ṣiṣẹ́ bákan náà, pé àwọn ibì kan ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí. Nígbà náà, kò sí ohun èlò tí èèyàn lè fi wo átọ́ọ̀mù lójúkojú kó fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Gabor Somorjai ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí a ti lè fi ọwọ́ kàn án. Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni, rògbòdìyàn 1956 ló lé e kúrò nílé, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berkeley, ní California. Platinum tó jẹ́ kírísítà kan ṣoṣo ló máa ń mú. Á gé e ní ìhà tó bá fẹ́, á gbé e sínú àgbá irin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán, á fọ ara rẹ̀ mọ́ títí tí kò fi ní sí ohun mìíràn lórí rẹ̀ ju platinum lọ, kó tó tú gáàsì díẹ̀ sí i.

Ohun tí ìhà tí a ti gé e ń ṣe nìyí. Átọ́ọ̀mù platinum tó wà nínú lọ́hùn-ún ní aládùúgbò 12. Tí a bá gé kírísítà náà ní ìhà kan, òde rẹ̀ á tẹ́jú, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ á ní mẹ́fà yíká àti mẹ́ta nísàlẹ̀, ó di mẹ́sàn-án. Tí a bá gé e ní ìhà mìíràn, á tò ní onígun mẹ́rin, mẹ́rin yíká, mẹ́rin nísàlẹ̀, ó di mẹ́jọ. Bí a bá gé e ní dídagun, àtẹ̀gùn tíntìntín á yọ lára rẹ̀, átọ́ọ̀mù tó wà létí àtẹ̀gùn kò sì ní ju aládùúgbò méje lọ. Níbi tí etí àtẹ̀gùn náà bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, átọ́ọ̀mù igun ibẹ̀ kò ní ju mẹ́fà lọ. Bí aládùúgbò átọ́ọ̀mù bá ṣe ń dín kù ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣófo tó, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì ṣe máa wá ohun tí yóò dì mú.

Èsì rẹ̀ dùn mọ́ni láti gbọ́. Lórí platinum tó tẹ́jú tó sì ní mẹ́fà yíká, heptane, tó ní kábọ́ọ̀nù méje lórí ìlà kan, máa ń ká ara rẹ̀ di toluene dáadáa ju orí onígun mẹ́rin lọ. Orí onígun mẹ́rin sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fún yíyí isobutane padà sí butane. Etí àtẹ̀gùn ló mọ bí a ṣe ń pín mólékù háídrójìn sí méjì. Ọ̀dọ̀ átọ́ọ̀mù tó wà ní igun tó ṣẹ́ ni ìdè kábọ́ọ̀nù sí kábọ́ọ̀nù ti ń já jù. Irin kan náà, ohun èlò kan náà, ooru kan náà: ibi tí mólékù bà lé ló ń sọ ohun tí yóò dà.

Michel Boudart, tí a ti dárúkọ rẹ̀ ṣáájú, pín iṣẹ́ àwọn amúṣẹ́yá sí ọ̀nà méjì ní 1969. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò bìkítà bí átọ́ọ̀mù ṣe tò tàbí bí ègé irin ṣe kéré tó. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n máa ń yan ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Jíjá ìdè kábọ́ọ̀nù sí kábọ́ọ̀nù wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣe amúṣẹ́yá fi ń ṣọ́ bí ègé platinum rẹ̀ ṣe tóbi tó, torí bí ègé bá ṣe ń kéré sí i ni etí àti igun ń pọ̀ sí i lára rẹ̀.

Èyí tó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ tí Sinfelt, Carter àti Yates gbé jáde ní 1972. Nickel ni wọ́n mú, tí wọ́n po bàbà díẹ̀díẹ̀ mọ́, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ méjì ṣe ní 316°C. Iṣẹ́ kìíní ni kó já ìdè ethane. Iṣẹ́ kejì ni kó gba háídrójìn lára cyclohexane kó lè di benzene, láìjá ìdè kábọ́ọ̀nù kankan. Nígbà tí bàbà di márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún átọ́ọ̀mù, agbára tí irin náà fi ń já ìdè ethane ti lọ sílẹ̀ di nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ti iṣẹ́ kejì kò yingin. Wọ́n fi bàbà kún un, wọ́n tún fi kún un, cyclohexane ṣì ń di benzene, àfìgbà tí irin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di bàbà pátápátá.

Báwo ni bàbà díẹ̀ ṣe ṣe èyí? Ohun méjì ló para pọ̀. Èkíní ni pé bàbà kì í dúró sínú. Ìdè tirẹ̀ kò le tó ti nickel, nítorí náà òde ara ló máa ń sá lọ. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n pò mọ́ ọn ti di púpọ̀ níta, níbi tí iṣẹ́ wà. Èkejì ni pé igi kan kì í dágbó ṣe. Átọ́ọ̀mù nickel kan kò lè dá ìdè ethane já. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn bíi mélòó kan tí wọ́n fara kan ara wọn. Ẹ wo ìyá tó kó ọmọ méjì wọ danfo, tó ń wá ìjókòó mẹ́ta pọ̀ lójú kan: bí èrò mélòó kan péré bá ti fọ́nká jókòó sínú ọkọ̀ náà, àyè lè kù lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ kò ní rí mẹ́ta pọ̀. Ẹni tó dá wọlé á jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbà kàn ń gba àyè ni, àmọ́ àyè tó ń gbà ló ń tú ẹgbẹ́ nickel ká. Iṣẹ́ tó nílò ẹgbẹ́ á kú, èyí tí kò nílò ẹgbẹ́ á máa bá a lọ.

Sinfelt kò dúró síbẹ̀. Ó mú bàbà àti ruthenium, irin méjì tí kì í po mọ́ra tí a bá yọ́ wọn pọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ègé wọn kéré tó nanometer mélòó kan, bàbà lẹ̀ mọ́ ìta ara ruthenium, ó sì ká a lọ́wọ́ kò nínú ìjá-ìdè. Ohun tí kò ṣeé ṣe nínú irin ńlá ti ṣeé ṣe nínú èyí tó kéré. Ní 1979 ni wọ́n fún Sinfelt ní àmì ẹ̀yẹ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Kí ni gbogbo èyí ń bá ará ilé ṣe? Bẹntiróòlù ni ẹ bi. Epo tó kọ́kọ́ ń jáde láti inú epo rọ̀bì, tí wọ́n ń pè ní naphtha, kì í bá ẹ́ńjìnnì mọ́tò lára mu, ó máa ń gbiná kó tó àsìkò, ẹ́ńjìnnì á sì máa dún gbà-gbà-gbà. Vladimir Haensel ti ilé iṣẹ́ Universal Oil Products ló rí i pé platinum lè tún epo náà tò ní nǹkan bí 500°C, kí àwọn mólékù tó wà lórí ìlà gbọọrọ ká ara wọn di òrùka. Ilé ìfọpo Old Dutch ní Muskegon, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ló kọ́kọ́ lo ọ̀nà yìí ní 1949. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lóòjọ́, náà ní ẹ̀rọ fún irú iṣẹ́ yìí.

Nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìjá-ìdè tí kò ní ìwọ̀n ni ọ̀tá. Kábọ́ọ̀nù tí irin bá já dànù á di methane, á di gáàsì, kò ní sí nínú bẹntiróòlù mọ́. Háídrójìn tí ilé ìfọpo fẹ́ kó jọ á lọ sí i, ooru á sì máa gòkè. Ibi tí platinum wà nísàlẹ̀ lórí àtẹ Sinfelt ló wá di ògo rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Chevron po rhenium mọ́ platinum ní ìparí àwọn ọdún 1960 kí amúṣẹ́yá lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bá ìṣòro kan pàdé: rhenium ń já ìdè jù. Imí ọjọ́ ni wọ́n fi tọ́ ọ. Wọn á jẹ́ kí imí ọjọ́ díẹ̀ kọ́kọ́ bà lé irin náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò sì gba àyè lára rhenium, bí bàbà ti ṣe sí nickel. Bẹ́ẹ̀, bí imí ọjọ́ bá pọ̀ jù, májèlé ló jẹ́ fún platinum. Ìwọ̀n ló sọ májèlé di oògùn.

Lóde òní, àwọn kan tún ti ń wá irin tó mọ ìdè já, àmọ́ mólékù tí wọ́n fẹ́ gé gùn gan-an. Ọ̀rá tí wọ́n ń di omi pure water sí, polyethylene ni: kábọ́ọ̀nù tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ìlà kan ṣoṣo, ìdè tó so wọ́n pọ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ethane. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi háídrójìn àti ègé platinum tí wọ́n tẹ́ sórí strontium titanate sọ irú ike bẹ́ẹ̀ di epo tí kì í jẹ́ kí irin ẹ̀rọ máa ha ara wọn, ní nǹkan bí 300°C. Ruthenium lè ṣe é kíákíá pẹ̀lú ooru tó kéré sí èyí, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tètè dá a dúró, á gé ọ̀rá náà dé orí methane. Ọ̀rọ̀ tí Sinfelt bá ethane fà náà ni wọ́n tún ń bá ọ̀rá fà.

Èmi ò ní kí a yin irin nítorí pé ó lágbára. Osmium lágbára ju platinum lọ fíìfíì nínú jíjá ìdè kábọ́ọ̀nù, kò sì sí ilé ìfọpo tó ń fi osmium ṣe bẹntiróòlù. Platinum ni wọ́n ń rà, láti 1949 títí di òní.